Ẹrù Alààyè

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó ta ẹyọ ohun kan. Ẹni tó bá rò pé títa ẹrù ilé rọrùn, kò tíì gbìyànjú láti ta bùfẹ́, ìyẹn àpótí àwo onígi ńlá tí àwọn òbí wa máa ń gbé sí pálọ̀ kí àlejò lè rí i pé ilé kì í ṣe ilé òṣì. Lónìí, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ẹ mọ́, kò sì ṣeé sọ nù. Bùfẹ́ ìyá mi tóbi débi pé inú pálọ̀ gan-an ni wọ́n ti kàn án. Káfíńtà tó kàn án ti kú, ẹnu ọ̀nà tí à bá gbé e gbà jáde kò sì fẹ̀ sí i láti ìgbà náà.

Àtẹ̀gùn ló fa gbogbo rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé wa ní àdúgbò Akron ní Àjàṣẹ́, òkè ni ìyá mi ń gbé, àtẹ̀gùn onígi tó ń gbé e sókè sódò sì ti ń jẹrà. Ó ṣubú lórí rẹ̀ nígbà òjò, ó ní òun kò ṣubú, òun kàn jókòó lójijì ni. Nígbà tó tún ṣubú lẹ́yìn ìyẹn, ìbàdí rẹ̀ wú, kò sì lè sẹ́ ẹ mọ́. Àsìkò yẹn náà ni mọ̀lẹ́bí bàbá wa, tí wọ́n ni ilé, sọ pé àwọn máa ṣí òrùlé láti tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, kí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá ibi gbà. Kò sí ibi tí ìyá mi lè gbà ju ọ̀dọ̀ mi ní Tokpota lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní fún un. Ibùsùn á wọ̀ ọ́, àpótí aṣọ á wọ̀ ọ́, ìyá mi náà á wọ̀ ọ́ bí kò bá fẹ́ máa nàgà. Gbogbo ìyókù ní láti lọ.

Nígbà tí mo sọ fún un, kò bá mi jiyàn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí obìnrin tó ta àwo tánńganran títí irun rẹ̀ fi funfun ní ọjà Ouando, iyàn ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wo àwọn àga rẹ̀ yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá sọ ohun kan ṣoṣo.

"Mà á bá ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ kó ẹrù mi síta. Ẹrù òkú ni ọ́n ń kó síta. Ọjọ́ tí mo bá rí àga mi níwájú ilé, ibí ni mà á kú sí, kí àtẹ̀gùn ó wó, kí òrùlé ó lọ."

Ọmọ Àjàṣẹ́ á mọ ohun tó ń sọ. Bí àgbàlagbà bá kú láàárín wa, tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn àlejò ti lọ, ọjọ́ kan á wà tí wọ́n á ṣí yàrá rẹ̀. Wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ jáde, àwọn ọmọ àti mọ̀lẹ́bí á pín in, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ á sì wà níwájú ilé fún ẹni tó bá ń kọjá. Ìyá mi ti jókòó lójú fèrèsé rẹ̀ lókè wo irú rẹ̀ nílé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: ibùsùn ẹni tó mọ̀ nínú oòrùn, ìkòkò ẹni tó mọ̀, tìmùtìmù tó ti gba àwòrán ìdí ẹni tó mọ̀. Èkejì rẹ̀ tún wà, òun náà kò dára. Bí ẹni tó wà láàyè bá ń ta àga ilé rẹ̀, aráyé á ní ó ti ń ta ẹrù ilé jẹ. Nítorí náà bí àga ìyá mi bá fojú kan òde, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n máa sọ: ó ti kú ni, tàbí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ gbọ́ nínú méjèèjì.

Mo ṣèlérí fún un pé inú ilé la ó ti tà á, pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Kí ni mo tún lè sọ? Bí kò bá kúrò níbẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn ló máa pa á. Mo ṣèlérí bí ẹni tó ṣèlérí láti fi agbọ̀n gbé omi, mo sì padà sí Tokpota pẹ̀lú orí fífọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Cotonou. Ìmọ̀ràn rẹ̀ kì í tán, àyè rẹ̀ ni kì í sí. Ó ní ayé ti lajú, ẹnikẹ́ni kì í ru ẹrù lọ sọ́jà mọ́, kí n ya fòtò kí n gbé e sórí WhatsApp, pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí bùfẹ́ á ti di ti ẹlòmíràn. Mo bi í bóyá ó lè wá ya fòtò náà. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ ní bùrò, ìyẹn ọ́fíìsì òun. Èmi náà ní bùrò tí mo ń lọ, ṣùgbọ́n obìnrin ni mí, èmi sì ni àkọ́bí, àwọn méjèèjì yìí kì í ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù lójú ẹnikẹ́ni.

Mo ya fòtò. Mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo ṣí fèrèsé, mo ya àwọn àga onítìmùtìmù, mo ya àga onígi, mo ya fírígò tí kò tutù mọ́, mo ya bùfẹ́ láti ọ̀ọ́kán nítorí pé kò gba inú fòtò. Ìyá mi kọ̀ láti dìde lórí àga tirẹ̀, mo bá ya òun náà mọ́ ọn. Ohun tí mo rí láàárín ọjọ́ mélòó kan kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan kò kí mi rárá, iye tó kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Obìnrin kan kò fẹ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo ń tà, kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn bùfẹ́ ló fẹ́. Ọkùnrin kan bi mí bóyá ìyá àgbà tó wà lórí àga wà nínú owó àga. Mo rẹ́rìn-ín sí ti ọkùnrin yẹn, òun nìkan ló mú mi rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni mọ̀lẹ́bí wa kan pè láti Badagry. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun rí àwọn àga. Ó bi mí pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí a kò ránṣẹ́ sí àwọn. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìyá mi ló ń bá mi kẹ́dùn rẹ̀. Fòtò tó rí, èyí tí kò sí ènìyàn lórí àga ni. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń dùn mí, mo sì pa gbogbo fòtò náà rẹ́. Fóònù dára fún ẹni tí kò ní ará. Àwọn tí o kò fẹ́ kó rí ọjà rẹ gan-an ló kọ́kọ́ ń rí i.

Mo wá ronú kan àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọkùnrin kan wà, ọmọ Ọ̀yọ́, tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá ní Tokpota. Mo ní kó gba ẹ̀yìn ilé wọlé ní Akron, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n irin nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Ó wo bùfẹ́, ó ní igi ìdáná ni. Ó wo àwọn àwo tánńganran tí ìyá mi kò tà tán nígbà tó fi ọjà sílẹ̀, àwọn ọlọ́mọrí, àwọn olódòdó, àwọn tó tóbi débi pé ọmọ ọwọ́ lè wẹ̀ nínú wọn, ó sì mú òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde kó fi wọ̀n wọ́n. Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀. Ó ní kí n bá òun bi àlejò náà bóyá orí òṣùwọ̀n ni wọ́n gbé ìyá tirẹ̀ náà lé nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tọrọ gáfárà. Fírígò ló rà, òun àti ibùsùn onírin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí fírígò yẹn bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta kúrò lórí rẹ̀.

Ọjà Avrankou, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ló wá sọ sí mi lọ́kàn lẹ́yìn náà. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wá níbẹ̀. Mo gba ìsinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo ń kó àwo sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ọjọ́ ọjà, mo ń fi aṣọ bò wọ́n títí a fi jáde ní Akron. Ohun tí àwọn ará ìlú ńlá fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, àwọn ìyá Avrankou ń fi ṣiṣẹ́: gàrí á wọ inú rẹ̀, ẹ̀wà á wọ inú rẹ̀, aṣọ ọmọ á wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé bí o bá fẹ́ ta ohun àtijọ́, fọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n má kùn ún, kí o sì tètè dárúkọ àléébù rẹ̀ kí oníbàárà tó rí i. Ìgbà tí mo sọ fún obìnrin kan pé ọmọrí abọ́ tó mú dání ti họ létí, ńṣe ló fọkàn balẹ̀, tó sì mú èkejì kún un. Bí mo bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń yí àwo wò bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ.

Ọjà ń lọ, ṣùgbọ́n oòrùn Avrankou kì í ṣe ti ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó ní bùrò. Ẹ̀yìn ń ro mí, ọ̀fun mi gbẹ. Bí mo bá dé Akron ní ìrọ̀lẹ́ láti dá aṣọ ìbò padà, ìyá mi á ti máa dúró dè mí. Kì í béèrè iye tí mo tà. Ó ń béèrè ẹni tó rà á. Irú ojú wo ni obìnrin náà ní? Ṣé yóò fi se oúnjẹ àbí yóò gbé e kalẹ̀ fún àlejò wò? Ṣé ó ní ọmọ obìnrin? Mi ò kíyè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn oníbàárà sílẹ̀ láti inú orí ara mi: ìyàwó tuntun kan tó lóyún, ìyá ìbejì kan tó dúdú tó ń dán, olùkọ́ kan tó ń gbọ́ Nàgó díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi á mi orí, á ní ó dára, àwo yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn. Mo máa ń lọ sùn pẹ̀lú ojú tó wúwo, inú mi kò sì dùn, inú mi kò sì bàjẹ́.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Àwọn àwo tó wà nínú bùfẹ́, tó tì mọ́bẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ aṣọ rẹ̀, tí omi kò kàn rí. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọjà. Mo bi í pé kí wá ni, ó ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ inú aṣọ.

Àwọn àga ló wá kù, àti bùfẹ́ fúnra rẹ̀. Àga kò ṣeé fi aṣọ bò gbé lọ sí Avrankou. Nígbà tí mo ti fẹ́ gba kámú, obìnrin kan tó ń gbé nítòsí mi ní Tokpota sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan, pé àga tuntun ti wọ́n jù. Mo mú un wá sí Akron. Ó jókòó lórí àga kọ̀ọ̀kan, ó mì ín, ó dìde, ó lọ sórí òmíràn, ó sì kí ìyá mi pẹ̀lú orúnkún méjèèjì nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́. Ó tiẹ̀ fẹ́ bùfẹ́, ó ní káfíńtà òun á tú u, á sì tún un tò ní ilé oúnjẹ kí àwọn ènìyàn lè rí i pé òun kì í ṣe ọmọ àná. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

A fi àdéhùn sí ọjọ́ Sátidé, ní kùtùkùtù, kí àdúgbò tó jí dáadáa. Mọ́tò akẹ́rù á dúró sẹ́nu ọ̀nà, àga á ti inú ilé bọ́ sínú mọ́tò tààrà, ilẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Nínú mọ́tò kan náà ni ìyá mi á bá mi lọ sí Tokpota. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní dakọ́ọ̀, òun gbà. Mo ti sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí nǹkan kan má bàa ṣì.

Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn tó máa gbé ẹrù á fi ẹsẹ̀ rìn wá ṣáájú mọ́tò. Ọkùnrin méjì ni wọ́n, wọ́n mọṣẹ́, wọ́n sì ní ìwà. Wọ́n bá mi ní yàrá ẹ̀yìn níbi tí mo ti ń di aṣọ ìyá mi, wọ́n kí wa, mo ní kí wọ́n máa palẹ̀ àga mọ́, kí mọ́tò tó dé. Èmi rò pé inú pálọ̀ ni wọ́n máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sí. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mọ́tò kò tíì dé, ọ̀nà tó wà níwájú ilé wa kò sì fẹ̀, nítorí náà wọ́n ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa máa ṣe. Wọ́n to àga náà lẹ́sẹ̀ ògiri lábẹ́ ibòòji, apá kan kọjú sí apá kejì, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín kí ènìyàn lè kọjá. Àwọn onítìmùtìmù ni wọ́n gbé síwájú.

Ẹni tó bá rí àga tí wọ́n tò báyìí níwájú ilé arúgbó ní àárọ̀, ní ìlú wa yìí, kò ní béèrè nǹkan kan. Á padà sílé lọ wé gèlè dúdú.

Ìyá ìjọ kan tó ń bọ̀ láti àdúrà òwúrọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó sọ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì fi fóònù pe ẹnì kẹta. Mi ò mọ̀ ọ́n. Aṣọ ni mò ń dì, mò ń rò pé ohun gbogbo ti ń lọ sópin, pé lálẹ́ mà á gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ orin. Ó wà lórí ibùsùn, ó ti wọ aṣọ ìrìn, ó gbé ojú sókè.

"Ta ló kú?"

Mo lọ sójú fèrèsé. Gbogbo àga tí mo ti tà ni ènìyàn jókòó sí. Àwọn ìyá ìjọ wa ni wọ́n, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ìyá mi, àwọn tí wọ́n jọ tajà ní Ouando, wọ́n ń kọ orin tí a máa ń kọ fún ẹni tó ti lọ sinmi. Àwọn agbẹ́rù méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, ọ̀kan ti ṣí fìlà. Fóònù mi dún ní ọwọ́ mi. Àbúrò mi ni láti Cotonou, ó ń sunkún. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ kí àwọn ará ìta sọ fún òun. Mo ní ìyá wa wà láàyè, òun ló jókòó níwájú mi yìí. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú.

Mo pa fóònù. Gbogbo ohun tí mo ti ń sá fún, fóònù, òṣùwọ̀n, Avrankou, aṣọ ìbò, gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lábẹ́ fèrèsé ìyá mi. Mo mọ̀ pé kò ní lọ mọ́. Bí mo ṣe rí i nìyẹn: orí ibùsùn yẹn ló máa jókòó sí títí wọ́n á fi ṣí òrùlé, ọjọ́ kan á sì wà tí mà á bá a nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún un, mo ní àwọn agbẹ́rù ni, mo ní èmi ni, mo ní kó má bínú.

Ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tẹ́tí sí orin bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Mú mi sọ̀kalẹ̀."

A kò rìn sọ̀kalẹ̀. Ó fi ìdí wọ́ àtẹ̀gùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi níwájú, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́rù tó sáré wọlé lẹ́yìn rẹ̀, igi ń ké lábẹ́ wa. Ó sinmi ní àárín, ó mí, ó tún aṣọ rẹ̀ ró. Ní ẹnu ọ̀nà ló ti dìde, ó di èjìká mi mú, a sì jáde sínú oòrùn.

Orin náà já láàárín. Ẹnikẹ́ni kò sá. Ìyá kan tó wà lórí àga onítìmùtìmù fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ìyá mi kí wọn, ó ní ẹ kú ìrìn, ẹ parí orin yẹn, òun fẹ́ gbọ́ ìparí rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀. Ohùn wọn ń gbọ̀n, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Ẹnì kan dìde fún un, ó jókòó lórí àga ara rẹ̀ láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ẹnu ti tọrọ gáfárà tán, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ nípa òun. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgbà, tí wọ́n jọ tẹ́ ìsọ̀ ní Ouando láti ìgbà ọmọge, ló dáhùn. Ó ní àwọn fẹ́ sọ pé olóòótọ́ ni, pé ó mọ Ọlọ́run, pé ó tọ́ ọmọ. Ó wá ní àwọn sì fẹ́ sọ fún ara wọn bí àwọn bá ń lọ sílé pé kò yá ẹnikẹ́ni lábọ́ rí. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rí i tó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe wo àwọn àga rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Tokpota fún un. Ó wá tú kọ́kọ́rọ́ tó wà létí aṣọ rẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní kí n lọ kó àwọn àwo inú bùfẹ́ wá.

Mo rọra sọ sí i létí pé ìta la wà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹrù òkú ni ẹrù tí olówó ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Èmi rèé. Àwọn tí ọ́n máa pè wá pín in lẹ́yìn mi náà rèé. Kí ọ́n pín in lójú mi."

Mo kó wọn wá. Mo gòkè, mo sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn burúkú yẹn títí wọ́n fi tán. Ìyá mi pín in fúnra rẹ̀. Ó mọ ti ẹni tó lọ́mọ púpọ̀, ó mọ ti ẹni tó ń dá gbé. Èyí tó tóbi jù lọ, olódòdó pupa, ló gbé lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó máa yá a fún aráyé. Àwọn agbẹ́rù pàápàá gba tiwọn. Mo ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ìsinmi mi jókòó nínú oòrùn nítorí àwọn àwo tí kò tó àwọn wọ̀nyí, ẹ̀yìn mi sì ń ro mí, ó wá ń pín èyí tó dára jù bí ẹni ń pín àkàrà.

Mọ́tò dé nígbà tí oòrùn ti mú. Obìnrin olóúnjẹ sọ̀kalẹ̀, ó rí ènìyàn lórí gbogbo àga rẹ̀, kò mọ bóyá kó kí wa kú ìdùnnú tàbí kú ọ̀fọ̀. Àwọn ìyá náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwo lọ́wọ́, bí ẹnì kan bá ti dìde ni wọ́n ń gbé àga rẹ̀ sínú mọ́tò. Ti ìyá mi ló gbẹ̀yìn. Ó dìde fúnra rẹ̀. Káfíńtà á wá tú bùfẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Wọ́n fi èmi àti ìyá mi sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwọn àga ń lu ara wọn lẹ́yìn wa. Kò bojú wẹ̀yìn. A ti jáde ní Akron kí n tó lè sọ ohun tó wà nínú mi. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò jáde bí yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ẹ pín fún gbogbo ayé. Ẹ ò ṣẹ́ abọ́ kan kù fún èmi."

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

"Ìwọ kẹ̀? Èmi ni ìpín tìẹ."

Mo wo ọ̀nà, omi ń dà lójú mi, mi ò sì lè sọ bóyá ayọ̀ ni tàbí àárẹ̀. Kí a tó dé Tokpota, oorun ti gbé e lọ, gbogbo orí rẹ̀ wà léjìká mi. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò sì yí èjìká mi padà.